Bátìrì Ṣáájú Páńẹ́lì: Ìtàn Iná Àdáni ní Àwọn Ìlú Ilẹ̀ Yorùbá láti Ọdún 1896 títí di Ọdún 2024

Ìfáàrà

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí wọ́n ti kọ lórí iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ìtàn ìjọba ni wọ́n fi ṣe ìtàn iná. Wọn a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ kékeré tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896, wọn a gba orí ECN àti NEPA kọjá, wọn a sì gúnlẹ̀ sí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí ìjọba fa àwọn ilé-iṣẹ́ apínná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tí ó wà lẹ́yìnkùlé, bátìrì tí ó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn àti páńẹ́lì tí ó wà lórí òrùlé kì í gbà ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ. Ẹ̀rí ìkùnà NEPA lásán ni wọ́n máa ń kà wọ́n sí.

Ọ̀nà mìíràn ni àpilẹ̀kọ yìí gbà. Ohun tí ó dá lé lórí ni iná tí àwọn onílé, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn oníṣòwò ń pèsè fún ara wọn. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé iná oòrùn tí ó gbòde ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn ọdún 2015 kì í ṣe àjèjì tí ó ṣàdéédéé wọ ìlú. Inú àṣà jẹnẹrétọ̀ ni ó ti jáde wá. Jẹnẹrétọ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, bátìrì àti ínfátà tẹ̀lé e, páńẹ́lì sì ni ó kẹ́yìn wọn. Bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn yìí ni ó fà á tí iná oòrùn fi rí bí ó ti rí ní àwọn ìlú wọ̀nyí: onílé kọ̀ọ̀kan ń dá tirẹ̀ ṣe, ibi tí ògiri ọgbà bá parí sí ni iná rẹ̀ náà parí sí.

Ẹ̀rí irú ìtàn yìí kò pọ̀ nínú ìwé ìjọba. Ìwé ìjọba a máa ka mẹgawáàtì. Kì í ka jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Òfin iná ti ọdún 2005 tilẹ̀ sọ pé ẹni tí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá ju mẹgawáàtì kan lọ kò nílò ìwé àṣẹ, nítorí náà, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú iná tí àwọn ará ìlú ń pèsè ni kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Ara ilé fúnra rẹ̀ ni onímọ̀ ìtàn ní láti wá ẹ̀rí lọ: àhámọ́ kékeré tí wọ́n kọ́ fún jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, ara ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú, àti àpótí ìyíná tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ṣéńjófà, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Ṣéńjófà yẹn ṣe kókó. Ẹni tí ó bá fi í sí ilé rẹ̀ ti gbà pé orísun iná òun kò ní jẹ́ ẹyọ kan mọ́.

Ìgbà tí Iná Jẹ́ ti Àdúgbò

Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1896 kò ju méjì lọ, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 30 kílówáàtì. Àpapọ̀ wọn kò ju ohun tí jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn ẹ̀ka báǹkì lè pèsè lóde òní. Agbègbè Máríìnà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò òyìnbó wà, ni wọ́n fi ṣe. Iná òpópónà tàn ní ọdún 1898. Fìtílà àti àtùpà elépo ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń tàn nígbà náà, òun náà ni wọ́n sì ń tàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí, kò sí wáyà alágbára kan tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn. Ìlú tí ó bá ní iná, ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ó ní. Ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba amúnisìn ń bójú tó òmíràn, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni òmíràn, ilé-iṣẹ́ àdáni sì ni ó ni òmíràn: ní ọdún 1929 ni wọ́n dá NESCO sílẹ̀ lágbègbè Jos láti fi omi pèsè iná fún àwọn tí ń wa kùsà. Òfin ọdún 1950 ni ó dá ECN sílẹ̀ láti kó gbogbo wọn jọ sábẹ́ àṣẹ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951. Síbẹ̀, ọdún 1962 ni wáyà 132 kílófóòtì tó kọ́kọ́ so ibùdó iná Ìjọra ní Èkó mọ́ ti Ìbàdàn.

Kókó yìí ni àwọn tí ń kọ ìtàn iná máa ń fò kọjá. Okùn iná orílẹ̀-èdè, ìyẹn òpó àti wáyà ńláńlá tí ó so àwọn ibùdó iná pọ̀, kì í ṣe ìpìlẹ̀ ìtàn yìí. Àárín ìtàn ni ó bọ́ sí. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan bá ń sọ pé iná orí òrùlé jẹ́ ìyapa kúrò nínú ètò àtijọ́, ó yẹ kí wọ́n béèrè bí ètò náà ti pẹ́ tó. Láti ọdún 1962 sí ọdún 1986 tí iná NEPA ti di ohun àwàdà lẹ́nu ará ìlú, ọdún mẹ́rìnlélógún péré ni.

Ìlérí Okùn Ńlá

Kì í ṣe pé ìlérí náà kéré. Àjọ tí ń rí sí ìdídò Ọya, NDA, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Wọ́n parí ìdídò Kainji ní ọdún 1968. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ológun da ECN àti NDA pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní NEPA. Ibùdó Ẹ̀gbìn ní Èkó, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹgawáàtì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ènìyàn ń fi iná ṣe ń yára pọ̀ ju iná lọ. Tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún 1959. Owó epo rọ̀bì tí ó wọlé lẹ́yìn ọdún 1973, àti owó Udoji tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1975, sọ fíríìjì, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n di ohun tí tíṣà àti akọ̀wé lè rà. Òṣìṣẹ́ tí ó gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ra tíránsífọ́mà; fíríìjì ni ó rà. Ní àdúgbò tí gílóòbù méjìméjì ń tàn nínú ilé tẹ́lẹ̀, ẹrù tí wọ́n gbé ka orí tíránsífọ́mà kan náà di ìlọ́po ìlọ́po. Ẹ̀wẹ̀, omi Kainji a máa fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná tí ń ti ibẹ̀ wá a sì dínkù. Nígbà tí Náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti ọdún 1986, ohun èlò àfirọ́pò tí wọ́n ń fi dọ́là rà láti òkè òkun di ọ̀wọ́n fún NEPA bí ó ti di ọ̀wọ́n fún gbogbo ènìyàn.

Àwọn aláwàdà ní ohun tí lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orúkọ NEPA dúró fún ni pé kí ènìyàn má ṣe retí iná nígbà gbogbo. Nígbà tí iná bá sì dé, àwọn ọmọdé a pariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!" láti ojúlé dé ojúlé. Ariwo ayọ̀ yẹn jẹ́ ẹ̀rí fún onímọ̀ ìtàn. Ìlú tí iná bá ti jẹ́ ohun ojoojúmọ́, ọmọ ibẹ̀ kì í kí i káàbọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ àti Aládùúgbò

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni jẹnẹrétọ̀ fi wọ ìlú. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ní in ni àwọn tí kò lè dúró de iná rárá: ilé ìwòsàn, ilé ìtura, ilé ìtẹ̀wé, ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Àwọn tí ń fi í yá àwọn ènìyàn fún òde àríyá náà wà, nítorí pé gìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè àwọn onífújì àti onijùjú kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ nígbà tí ẹni tí ń náwó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde sí ìjó. Ẹsẹ̀ kejì ni ti àwọn ọlọ́lá ní ọdún 1980 sí 1999, tí wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń lo dísẹ́lì sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ kẹta ni ó yí ìlú padà. Lẹ́yìn ọdún 2000, ẹ̀rọ kékeré tí ń lo bẹntiróòlù tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì, tí agbára rẹ̀ kò pé kílówáàtì kan, tí ènìyàn kan lè fi ọwọ́ kan gbé, kún ọjà láti ilẹ̀ Éṣíà. Aránṣọ rà á, onígbàjámọ̀ rà á, obìnrin tí ń ta ẹja yìnyín rà á.

Orúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀rọ kékeré yìí ni "I better pass my neighbour". Orúkọ náà tó ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wò. Kò dárúkọ NEPA, kò dárúkọ ìjọba. Aládùúgbò ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Nígbà tí wáyà kan ṣoṣo ń bọ́ gbogbo ojúlé, òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ti gbogbo àdúgbò lápapọ̀. Bí iná bá lọ, ó lọ ní ilé olówó àti ilé tálákà, ẹnu kan náà ni wọ́n sì fi ń bú NEPA. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ kékeré ti dé ni iná ti di ohun tí ojúlé kan ní tí ojúlé kejì kò ní. Kò sí àní-àní pé ariwo àti èéfín ni aládùúgbò tí kò ní ń jẹ nínú rẹ̀. Èéfín náà a sì máa pa ènìyàn: ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti sùn tí wọn kò jí nítorí pé wọ́n tan ẹ̀rọ náà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Kì í ṣe àwọn tálákà àti àwọn onílé nìkan ni ó hu ìwà yìí. Nǹkan bí ọdún 2010, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ibùdó iná tirẹ̀ sí Akútẹ̀, agbára rẹ̀ tó 12 mẹgawáàtì, kí iṣẹ́ omi ìlú má baà dúró. Wọ́n tún kọ́ òmíràn fún ọ́fíìsì ìjọba ní Alausa. Ohun tí onílé ṣe lẹ́yìnkùlé ni ìjọba náà ṣe ní ìwọ̀n tí ó tóbi jù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ó dà bí ẹni pé ìjọba pàápàá ti kẹ́kọ̀ọ́ yìí nípa ogún tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀.

Bí Bátìrì Ṣe Wọ Inú Ilé

Apá yìí nínú ìtàn ni ó ṣe kókó jù, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jù nínú ìwé. Kọ̀ǹpútà ni ó mú bátìrì wọ ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ UPS, tí kò ju àpótí kékeré kan lọ, ń fún òǹtẹ̀wé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kí kọ̀ǹpútà tó kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tẹlifóònù alágbèéká dé, àwọn òpó rẹ̀ sì dúró káàkiri ìlú àti oko. Abẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan ni jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́lì àti bátìrì ńláńlá wà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ oníṣẹ́ iná ni ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń so bátìrì pọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀bá títì, àwọn ènìyàn tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, wọ́n to tẹlifóònù ogún tàbí ọgbọ̀n sórí pákó, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣáàjì. Kí oníbàárà kan tó ra páńẹ́lì kankan, ó ti mọ̀ pé iná jẹ́ ohun tí wọ́n lè rà sínú nǹkan, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé.

Ínfátà ni ẹ̀rọ tí ń yí iná inú bátìrì padà sí irú èyí tí ń wá láti ara wáyà NEPA. Láàárín ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 2000 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì, dókítà àti olùkọ́ yunifásítì. Ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Kò ní páńẹ́lì kankan lára. NEPA ni ó ń fún un ní oúnjẹ: bí iná bá wà, bátìrì a gbà á pamọ́, bí iná bá lọ, ínfátà a gbé e jáde láìsí ariwo, láìsí èéfín. Ìròyìn tí ó tàn nípa rẹ̀ ni pé olówó ilé náà kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí iná lọ.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Bátìrì olómi ti 12 fóòtì àti 200 áńpù-wákàtí lè gba nǹkan bí 2.4 kílówáàtì-wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó tó tún un ṣáàjì. Ìdajì yìí, 1.2 kílówáàtì-wákàtí, lè tan gílóòbù díẹ̀, fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n di ọ̀gànjọ́ òru. Fíríìjì ńlá kan ṣoṣo lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán láàárín ọjọ́ kan. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ iná fi máa ń ya wáyà fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ amúlétutù sọ́tọ̀ kúrò lára ínfátà. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún.

Àìlera irú ètò yìí wà nínú ohun tí ó gbára lé. Bátìrì olójé tí kò bá kún fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ a máa bàjẹ́: nǹkan líle kan a gbá mọ́ òjé inú rẹ̀, agbára ìgbanásí rẹ̀ a sì dínkù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kú. Ìlú tí iná ń lọ fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ yẹ ínfátà. Ìlú tí iná ń lọ fún ọjọ́ mẹ́rin ń pa á. Ẹni tí ó ra bátìrì kí ó lè sá fún NEPA wá rí i pé NEPA kan náà ni bátìrì òun ń retí. Ọ̀nà méjì ni ó kù fún un: kí ó tan jẹnẹrétọ̀ láti fi ṣáàjì bátìrì, tí ó túmọ̀ sí pé ó padà sídìí èéfín àti owó epo, tàbí kí ó wá ohun mìíràn tí yóò máa bọ́ bátìrì náà ní ọ̀sán. Ibi tí páńẹ́lì ti wọ inú ilé nìyí. Kì í ṣe ìfẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó mọ́ ni ó mú un wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ètò ìjọba. Oúnjẹ bátìrì tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n rà á fún.

Páńẹ́lì Lórí Páànù

Páńẹ́lì fúnra rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, Chapin, Fuller àti Pearson, fi èyí tí ó sọ nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún agbára oòrùn di iná han aráyé. Owó rẹ̀ ni ó jẹ́ ìṣòro. Ní ọdún 1977, nǹkan bí 76 dọ́là ni wáàtì kan. Ní ọdún 2010, ó ti wá sí nǹkan bí dọ́là méjì. Ní ọdún 2020 kò tó ìdajì dọ́là mọ́. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ni ó fa ọ̀pọ̀ nínú ìwálẹ̀ yìí.

Ní Nàìjíríà, ìjọba ni ó kọ́kọ́ gbé e wá, ṣùgbọ́n kò bá a dé ibi tí ó yẹ. Òfin ọdún 1979 dá àjọ tí ń rí sí ìmọ̀ agbára sílẹ̀, wọ́n sì dá ibùdó ìwádìí oòrùn sílẹ̀ ní Ṣókótó. Lójú ará ìlú, omi ẹ̀rọ abúlé àti iná òpópónà ni sólà túmọ̀ sí. Púpọ̀ nínú iná òpópónà bẹ́ẹ̀ kú láàárín ọdún díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìjọba kò ní owó tí yóò fi pààrọ̀ bátìrì. Páńẹ́lì wọn ṣì wà lórí òpó, ó mọ́ roro. Bátìrì abẹ́ rẹ̀ ni kò sí. Àwọn tí ó fi èyí bú sólà kò mọ̀ pé ìtàn bátìrì ni wọ́n ń sọ.

Ohun mẹ́ta ni ó wá pàdé ara wọn. Àkọ́kọ́ ni bátìrì líṣíọ̀mù tí kò nílò omi, tí wọ́n lè lò ju ìdajì rẹ̀ lọ dáadáa, tí ó sì ń pẹ́ ju ti olójé lọ ní ìlọ́po. Èkejì ni epo. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 di ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì súnmọ́ ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Bí lítà kan bá fún jẹnẹrétọ̀ kékeré ní kílówáàtì-wákàtí kan àbọ̀, a jẹ́ pé ó lé ní ₦600 tí ẹyọ kan ń ná aránṣọ. Ẹ̀kẹta ni mítà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tí wọ́n wà ní ìpele A, tí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí lóòjọ́ fún, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225. Ní ọdún kan náà, okùn iná orílẹ̀-èdè dàwó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ó ti ní ínfátà láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò nílò ẹ̀kọ́ mọ́. Wáyà ti wà, ṣéńjófà ti wà, oníṣẹ́ iná rẹ̀ ti wà. Páńẹ́lì nìkan ni ó kù.

Síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ kò kúrò nílé. Oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ń mú nǹkan bí kílówáàtì-wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún wá lórí mítà onígun mẹ́rin kan lóòjọ́, ṣùgbọ́n nínú oṣù keje àti ìkẹjọ, nígbà tí ìkùukùu bò ojú ọ̀run mọ́lẹ̀, ó máa ń dínkù gan-an. Nígbà ọyẹ́, ekuru a bo ojú páńẹ́lì, ẹni tí kò bá sì gun òrùlé lọ nù ún yóò rí i nínú bátìrì ní alẹ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: iná okùn bí ó bá dé, oòrùn ní ọ̀sán, bátìrì ní alẹ́, jẹnẹrétọ̀ ní ọjọ́ òjò. Ètò onírúurú tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń yà sórí ìwé, onílé ní Bódìjà àti Ṣúrùlérè ti fi owó ara rẹ̀ kó o jọ ní ẹyọ-ẹyọ, láìní orúkọ kankan tí ó ń pè é.

Gbamu Gbamu: Ọ̀nà tí Ìlú Ńlá Kò Gbà

Ó dára láti fi ètò ìlú ńlá wé ti abúlé kan. Gbamu Gbamu, abúlé àwọn àgbẹ̀ onikòkó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kò sí lórí okùn iná orílẹ̀-èdè. Lábẹ́ òfin tí NERC ṣe ní ọdún 2016 fún iná àdúgbò, wọ́n kọ́ ibùdó iná oòrùn síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018. Agbára páńẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 85 kílówáàtì, ó ní bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ tí ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun èlò inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti onílé Bódìjà: páńẹ́lì, bátìrì, jẹnẹrétọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé bátìrì kan náà ni ó ń bọ́ gbogbo abúlé, tí mítà sì wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ojúlé tí ó jí ní kùtùkùtù àti èyí tí ń sùn pẹ́ kò lo iná ní wákàtí kan náà. Nítorí náà, bátìrì tí wọ́n jọ ń lò lè kéré sí àpapọ̀ èyí tí wọn ì bá dá rà. Àwọn abúlé bẹ́ẹ̀ gbà láti jọ lò ó nítorí pé kò sí jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti ṣéńjófà ní gbogbo ojúlé kí ibùdó náà tó dé. Ní Ìbàdàn, ogójì ọdún ti kọ́ ojúlé kọ̀ọ̀kan pé kí ó dá dúró. Ìpín àti ìwà yìí ni ó nira láti yí padà jù. Owó rẹ̀ kò nira tó o.

Àwọn tí Ó Kù Lórí Okùn

Ìbéèrè tí ó kù ni ti àwọn tí kò lè gbé páńẹ́lì sórí òrùlé. Ilé-iṣẹ́ apínná ń gbé ara lé oníbàárà tí ń lo iná púpọ̀ tí ó sì ń san owó rẹ̀. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó kọ́kọ́ ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí okùn ní ọ̀sán. Owó òpó, wáyà àti tíránsífọ́mà kò dínkù nítorí pé ó lọ; àwọn tí ó ṣẹ́kù ni yóò pín in. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjà lórí gbèsè mú kí ilé-iṣẹ́ apínná gé iná Ilé Ìwòsàn Ńlá ti Yunifásítì, UCH, ní Ìbàdàn, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ kí ó tó padà ní oṣù kejì ọdún 2025. Iná arọ́pò ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú pàjáwìrì. Nínú ètò ìnáwó ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ya ₦10 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ láti fi gbé iná oòrùn sí ilé Ààrẹ ní Àbújá.

Àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ àti Òfin Iná, méjèèjì ní ọdún 2023, fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti ṣètò iná tiwọn. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àṣẹ náà lọ́wọ́ NERC ní ọdún 2024. Ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí jogún kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún páńẹ́lì àti bátìrì ti wà nínú ìlú, wọn kò sì so mọ́ ara wọn. Bí páńẹ́lì kan bá mú iná wá ju ohun tí bátìrì rẹ̀ lè gbà lọ ní agogo kan ọ̀sán, iná náà ṣòfò, bí aránṣọ tí ó wà ní ojúlé kejì tilẹ̀ ń da epo sínú jẹnẹrétọ̀ ní wákàtí kan náà.

Ayálégbé ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Òrùlé kì í ṣe tirẹ̀, onílé sì lè kọ̀ kí ó lu ihò sí páànù. Èyí tí onílé bá gbà fún náà, bí ọdún bá pé tí owó ilé sì lé sí i, bátìrì àti ínfátà ni ó rọrùn fún un láti kó sínú ọkọ̀ lọ sí ilé tuntun. Páńẹ́lì, irin tí ó gbé e dúró àti wáyà tí ó gba inú àjà kọjá a sì wà níbẹ̀ títí di ìgbà tí òun àti onílé yóò fi parí ọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n tó.